Oríkì Àṣàbí Nínú Fíìmù Corbett

Láti kékeré ni Mọ́níkẹ́ Abíọ́nà ti mọ ìtàn ìgbésí ayé Lyman Corbett. Corbett kì í ṣe ará Abẹ́òkúta, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni, olùdarí sinimá láyé ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Họ́líwúùdù máa ń gba olùdarí síṣẹ́ bí ẹni gba akọ̀wé, tí wọ́n á sọ fún un pé fíìmù báyìí ni kó ṣe lóṣù yìí, fíìmù báyìí ni kó ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Síbẹ̀, nínú ilé Abíọ́nà ní Ṣàpọ́n, bí orúkọ ẹbí ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Herbert Abíọ́nà, bàbá Mọ́níkẹ́, ló fà á. Ó ti bá Corbett ṣiṣẹ́ nígbà tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó ti bá a jókòó jẹun rí tí kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Ọmọ àgbẹ̀ ni Corbett, ó sá kúrò nílé, ó sì dé Kalifóníà láìní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ sinimá kan. Ó gbálẹ̀ títí ó fi di ẹni tó ń ru kámẹ́rà, ó sì ru kámẹ́rà títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí olùdarí kan mutí yó tí kò lè dìde, tí wọ́n ní kí ọmọ tó ń ru kámẹ́rà bá wọn mójú tó iṣẹ́ títí ọ̀gá yóò fi jí. Ọ̀gá náà jí, ṣùgbọ́n kò rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà padà mọ́. Corbett ń ṣe fíìmù ẹlẹ́rìn-ín kéékèèké, ti ayé ìgbà tí fíìmù kò tíì máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹni ìgbàgbé, òun dúró. Ó ṣe fíìmù ẹlẹ́ṣin, ó ṣe ti ọkọ̀ ojú irin. Tí bàbá Mọ́níkẹ́ bá dé ibi ọkọ̀ ojú irin yìí, á wúkọ́, á mu omi díẹ̀, á sì bọ́ sórí fíìmù opó kan àti ọmọ rẹ̀, èyí tó mú gbogbo Amẹ́ríkà sunkún, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn ńlá dá Corbett lọ́lá lórí rẹ̀.

Fíìmù opó yìí ni ọkàn ìtàn náà. Herbert fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ gbé Corbett lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ó máa ń sọ bí Corbett ṣe máa ń ní kó yà sábẹ́ igi kan kí wọ́n tó dé, tí á jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀, tí á sì dédé wí pé, "Herbert, obìnrin yẹn kò ní sunkún lónìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ la máa yà." Nígbà tí wọ́n bá wo fíìmù náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ẹ̀yìn obìnrin náà ni gbogbo èèyàn máa ń sunkún sí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ayé yí padà fún Corbett. Agbára àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dínkù, tẹlifíṣọ̀n gba àwọn òǹwòran lọ́wọ́ sinimá, wọ́n sì ní àṣà rẹ̀ ti gbó. Ó ṣe àwọn fíìmù kan tí kò tà, ó wá di ẹni tó ń bá wọn ṣe eré olópàá fún tẹlifíṣọ̀n, ó sì kú sílé kékeré kan lọ́dún 1969. Ní gbogbo àsìkò náà, Herbert ti padà sílé, ó ti di tíṣà, ó sì ti fẹ́ ìyàwó, ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ pé fíìmù Corbett tuntun dé sí Èkó, á wọ ọkọ̀ lọ wò ó. Nígbà tí ìròyìn ikú ọ̀gá rẹ̀ kàn án, ó wọ aṣọ dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe fún Corbett kó tó di awakọ̀ rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà. Á ní òun ni olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà.

Ìtàn yìí ló gbé Mọ́níkẹ́ dé ìdí iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan sílẹ̀ nílùú, òun wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láti máa kéde ètò. Lọ́dún 1982, ilé-iṣẹ́ náà ra ọ̀wọ́ fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, wọ́n sì ní kí Mọ́níkẹ́ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ibi tó ti ń ka orúkọ ara àwọn agolo fíìmù náà ló ti rí orúkọ Lyman Corbett. Àkọlé fíìmù náà túmọ̀ sí Ọba Odò Dúdú, ọdún 1933 ni wọ́n sì ṣe é. Kò gbọ́ orúkọ fíìmù náà rí lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ó gbé agolo àkọ́kọ́ sí ẹ̀rọ, ó rí ọkọ̀ ojú omi, ó rí odò fífẹ̀, ó rí àwọn òyìnbó onífìlà tí wọ́n ń na ọwọ́ sí èbúté. Kò pẹ́ tí iná fi lọ. Nígbà tí iná padà dé, àwọn ẹlòmíràn ti nílò ẹ̀rọ náà, òun náà kò sì rò pé ohun tó kù ṣòro. Odò Áfíríkà ni, ọdún 1933 ni, bàbá òun sì ni olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Ó dá a lójú pé fíìmù tí bàbá òun ti fún Corbett nímọ̀ràn rèé, ìrẹ̀lẹ̀ ni kò sì jẹ́ kó máa dárúkọ rẹ̀.

Ó lọ bá Ọ̀gá Dìran, olórí ètò, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti fi fíìmù náà sí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Mọ́níkẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tó máa ṣáájú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìtàn ayé Corbett látorí ìgbálẹ̀ dórí ẹ̀bùn ńlá, ó sì ká ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ráyè jókòó ti bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn èèyàn. Ó pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ ti ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó pe àwọn ará àdúgbò, ó sì lọ sí Ìtòkú lọ pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

Ìyá Ìtòkú ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ilé Mùsùlùmí ló fẹ́ sí, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Asiata. Iṣẹ́ aró tó bá lọ́wọ́ ìyá wọn ló ṣe títí ó fi darúgbó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì débi pé ohùn ló fi ń mọ èèyàn, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń fà á lọ́wọ́ lọ jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí á máa fi ọmọ ìka yẹ aṣọ wò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, pálọ̀ Ṣàpọ́n kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà jókòó lórí àga, àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé rọ̀ mọ́ fèrèsé. Theophilus, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, gba àga tó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n jù. Herbert wọ kóòtù eérú rẹ̀. Ó ti bi Mọ́níkẹ́ pé èwo nínú àwọn fíìmù Corbett ni, Mọ́níkẹ́ sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó fara balẹ̀, pé á rí i. Wọ́n fi Ìyá Ìtòkú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ohùn Mọ́níkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú tẹlifíṣọ̀n, tó ń sọ ìtàn tí gbogbo wọn ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀, àwọn àlejò ń mi orí, wọ́n ń wo Herbert, ojú òun náà sì ń dán. Inú Mọ́níkẹ́ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wojú bàbá rẹ̀ nígbà tí àkọlé fíìmù náà yọ. Ohùn rẹ̀ ló gbọ́.

"Mọ́níkẹ́, pa á."

Ó rò pé ariwo rẹ̀ ló pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dín in kù.

"Mo ní kí o pa á."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Theophilus gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má dá bàbá lóhùn, pé gbogbo ẹni iyì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ ẹ sí. Àwọn yòókù gbè é. Mọ́níkẹ́ wo bàbá rẹ̀, ó sì wo àwọn èèyàn tó ti pè jọ, kò mọ ohun tí ì bá sọ fún wọn bó bá pa á. Ó padà síbi tó jókòó sí. Herbert gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Àwọn òyìnbó wọ igbó kan tí ewé rẹ̀ ń dán bí ewé rọ́bà. Àwọn ọkùnrin dúdú fò jáde, wọ́n ń ṣe "hu", wọ́n ń ṣe "ha", wọ́n mú obìnrin òyìnbó kan, wọ́n dè é mọ́ igi, wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara padà lórí àga. Ìgbà náà ni ọba wọn jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni, ewé ló fi bo ìdí, egungun gba ihò imú rẹ̀ kọjá, wọ́n fi ẹfun yí ojú rẹ̀ ká, wọ́n sì kun eyín rẹ̀ kó lè dà bíi pé ó mú ṣóńṣó. Ó gbé ọ̀kọ̀ sókè lórí obìnrin náà, ó la ẹnu, ohùn tí Mọ́níkẹ́ ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló sì jáde níbẹ̀:

"Àṣàbí, ọmọ aláró Ìtòkú,
Ọmọ a-rẹ-aṣọ-funfun-dà-bí-òru,
Adúmáadán tí í fi ọwọ́ aró kẹ́ ọmọ,
Ìyá mi, a-fẹ̀rín-dáni-lóhùn . . ."

Èdè tiwọn ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò yé wọn. Ọmọdé kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, ẹ̀rín náà sì ràn. Theophilus rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu itan ara rẹ̀, kó tó wo ojú Herbert, kó sì wá wo ojú ọba tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rín gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ọba ṣì ń kígbe, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń fò yí ìkòkò ká.

Ìyá Ìtòkú gbé orí sókè. Kò rí àwòrán, ohùn nìkan ló gbọ́, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọbìnrin.

"Ta ló ń ki ìyá mi?" ó bèèrè.

Ó na ọwọ́, ó bá apá àbúrò rẹ̀, ó ní, "Herbert, ohùn rẹ nìyẹn. Ìgbà wo lo ki ìyá wa fún wọn?" Ìyá Ìtòkú wá yíjú síbi tó mọ̀ pé Mọ́níkẹ́ wà. Ó ní, "Mọ́níkẹ́, báwo ló ṣe rí níbẹ̀? Aṣọ wo ló wọ̀?"

Mọ́níkẹ́ ì bá purọ́. Ó wá irọ́ náà, kò rí i, torí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló ń gbọ́.

"Ewé ló bora, Ìyá."

"Ewé. Kí ló ń ṣe?"

"Wọ́n . . . wọ́n ní ó fẹ́ pa obìnrin òyìnbó kan jẹ."

Ìmọ́lẹ̀ ojú arúgbó náà kú díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àbúrò rẹ̀, ó sì kó o sínú ìborùn. Herbert dìde, ó gba àárín àwọn ọmọdé kọjá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìgbà náà ni Mọ́níkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àlejò ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo "ẹ kú" tó wà, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó yẹ kó fi kí wọn. Àwọn kan ní ẹ kú ìnáwó, àwọn kan kàn ń wo bàtà wọn lọ. Mọ́níkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe yẹ kí onílé dúró, ojú sì ń tì í.

Herbert kò bá a wí. Ìyẹn ló burú jù. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan tó tẹ̀ lé e, ó ń dá a lóhùn tó bá kí i, ó ń jẹ oúnjẹ tó bá gbé fún un, ṣùgbọ́n ó kọ ìwé ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì pé ara òun kò yá, kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè é ní Ọba Odò Dúdú. Wọn kò wí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ilé wọn kò nípọn. Nígbà tí Mọ́níkẹ́ kò lè fara dà á mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ní kó dárí ji òun, pé òun kò wo fíìmù náà dópin.

Herbert ní kó dìde. Ó ní ọdún tí wọ́n ṣe fíìmù náà, ọdún ìyà ni fún gbogbo Amẹ́ríkà. Owó ilé-ìwé òun ti tán, iṣẹ́ kò sì sí fún aláwọ̀ funfun, áḿbọ̀sì dúdú. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ sinimá kan ń wá ọkùnrin dúdú tó ga. Corbett fúnra rẹ̀ náà wà nínú wàhálà, torí fíìmù méjì tó ṣe ṣáájú kò tà, ilé-iṣẹ́ sì ti fẹ́ lé e. Wọ́n gbé ìwé eré Ọba Odò Dúdú fún un, wọ́n ní tí kò bá ṣe é, kó máa lọ. Ó ṣe é. Fíìmù náà tà ju èyíkéyìí tó ti ṣe rí lọ, owó rẹ̀ ló sì mú kí wọ́n fún un láyè láti ṣe fíìmù opó.

"Orí ewé tí wọ́n dì mọ́ mi nídìí ni fíìmù opó yẹn dúró lé," Herbert wí. "Corbett mọ̀. Tí àwọn oníwèé ìròyìn bá bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, á sọ ti ọkọ̀ ojú irin, á sì bọ́ sórí ti opó. Bí mo ṣe ń fò ó níbí ni òun náà ń fò ó lọ́hùn-ún."

Mọ́níkẹ́ bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ oríkì ìyá rẹ̀, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé.

"Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìròyìn ikú rẹ̀ kàn mí. Ó ti pẹ́ nínú sàréè kí n tó gbọ́. Yàrá tí mo ń gbé, tí mo bá wúkọ́, ẹni kejì á máa lu ògiri. Kò síbi kankan ní gbogbo ìlú náà tí mo ti lè ké sí ìyá mi. Corbett ní ká máa pariwo, pé ohunkóhun tó bá ti ẹnu wa jáde ló dára, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Àwọn yòókù ń ṣe hu, wọ́n ń ṣe ha. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọn kò ní èdè mìíràn. Èmi ní. Mo wò ó pé ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ní kí n kígbe rèé. Mo bá kígbe."

"Ẹ kò ṣẹ̀ nígbà náà, Pàpá."

"Ṣé mo ní mo ṣẹ̀ ni? Ojú ló ń tì mí." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Nígbà tí a yà á tán, Corbett wá bá mi. Ó rí omi lójú mi. Ó ní, kí ni ohun tí mo sọ yẹn túmọ̀ sí. Ó bi mí dáadáa, bí èèyàn ṣe ń bi èèyàn. Mo ní kò nítumọ̀. Mo ní ariwo lásán ni. Ewé tí mo bora kò dùn mí tó ìyẹn, Mọ́níkẹ́. Mo ní ìyá mi kò nítumọ̀."

Mọ́níkẹ́ gbá ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, Herbert jẹ́ kó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra gbà á padà.

Níbi iṣẹ́, inú Ọ̀gá Dìran ń dùn. Àwọn èèyàn ń wá bèèrè fíìmù òyìnbó tí wọ́n ti ń sọ èdè Ẹ̀gbá, wọ́n ń bẹ̀ kí wọ́n tún un fi hàn. Ó ti gbọ́ pé bàbá Mọ́níkẹ́ ni ọba náà, ó sì ní kó mú un wá kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Mọ́níkẹ́ ní bàbá òun kò ní wá. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n dá fíìmù náà padà sínú àpótí rẹ̀. Ọ̀gá Dìran kì í ṣe èèyàn búburú, ó tẹ́tí sí i, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ti ṣèlérí fún aráàlú, ètò sì ti jáde. Kò sì lè ṣe kó má sọ pé Mọ́níkẹ́ fúnra rẹ̀ ló bẹ òun nígbà àkọ́kọ́.

Kó tó di ọjọ́ náà, Ìyá Ìtòkú ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gbọ́ ọ. Kò fẹ́ gbọ́ ọ láàárín èrò. Ó ní kí Mọ́níkẹ́ mú òun lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kí Herbert sì tẹ̀ lé àwọn. Herbert kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe àìgbọràn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí rí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mọ́níkẹ́ bá ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ó sì ní kí wọ́n wá lọ́sàn-án, nígbà tí yàrá náà bá ṣófo.

Ìyá Ìtòkú jókòó síwájú. Herbert dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí àwòrán. Ohùn èwe rẹ̀ gba yàrá náà kan, ó kígbe Àṣàbí, ó kígbe aró, ó kígbe ọmọ tí wọ́n kẹ́. Arúgbó náà ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún ní kí wọ́n tún un ṣe, ètè òun náà sì ń mì tẹ̀ lé e.

"O fo ìlà kan," ó wí.

"Mo mọ̀," Herbert dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Títí dòní, kò padà wá."

"Ọmọ olómi tútù tí kì í fi omi du àlejò. Lẹ́yìn adúmáadán ló wà." "Bí o ṣe ki ìyá wa dára, Herbert. Ibi tí o ti ki oríkì náà ni kò dára. Mo gbọ́ méjèèjì."

Herbert wọlé wá, tòun ti kóòtù rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì láàárín àwọn wáyà ẹ̀rọ. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wojú Mọ́níkẹ́, Mọ́níkẹ́ wo ògiri. Ó ti ń rò pé kíákíá ni Ìyá Ìtòkú máa ní kó dìde. Kò ní kó dìde. Ó jókòó bíi pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó na ọwọ́ wá orí àbúrò rẹ̀, tó fọwọ́ bà á.

"Dìde," ó wí. "Ilẹ̀ tutù."

Wọ́n fi takisí já Ìyá Ìtòkú sílẹ̀ nílé. Nígbà tó ku bàbá àti ọmọ, Mọ́níkẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Òun ló máa kéde ètò lọ́jọ́ tí wọ́n máa tún fíìmù náà fi hàn, ó sì fẹ́ ṣàlàyé fún aráàlú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ẹni tí ọba náà jẹ́ àti ohun tójú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò tún fẹ́ ṣe nǹkan kan mọ́ láìbéèrè.

Herbert ronú títí takisí fi dúró. Ó ní, "Dárúkọ ìyá mi fún wọn. Má dárúkọ mi."

Ó jí lọ sí oko rẹ̀ ní Owódé kó tó di ọjọ́ Ìsinmi náà, kò sì sọ ìgbà tó máa padà. Mọ́níkẹ́ jókòó níwájú kámẹ́rà. Ó sọ ìtàn Corbett, kò fo ohunkóhun lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ pé láàárín fíìmù ọkọ̀ ojú irin àti fíìmù opó, Corbett ṣe fíìmù kan tí kò fẹ́ káwọn èèyàn máa bi òun nípa rẹ̀, pé fíìmù náà kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà, irọ́ sì ni gbogbo ohun tó fi hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbọ́ lẹ́nu ọba náà kì í ṣe irọ́. Oríkì Àṣàbí ni, aláró kan ní Ìtòkú, ẹni tó ti kú sílé níbí tí ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ní òkè òkun. Ó ní kí wọ́n máa wò ó. Iná kámẹ́rà kú. Ó jókòó sínú sítúdíò títí fíìmù náà fi parí, kò gbé ojú sókè wò ó.

Nígbà tí òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn dé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Owódé. Ó bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà oko, ó ń pa ẹ̀gúsí, kò gé irùngbọ̀n, ó sì ti rù. Mọ́níkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, ó bu ẹ̀gúsí sí iwájú ara rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n sọ̀rọ̀ Ìyá Ìtòkú, pé ara rẹ̀ le. Ó pẹ́ kí Herbert tó béèrè, kò sì wojú rẹ̀ nígbà tó ń béèrè.

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Mi ò mọ̀, Pàpá," Mọ́níkẹ́ wí. "Inú sítúdíò ni mo wà. Èèyàn kì í gbọ́ wọn láti ibẹ̀."

Herbert mi orí, ó sì bu ẹ̀gúsí mìíràn.